Omi Tí Ọkàn Kì í Tì

Òjò Bergen kì í bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ó rọ̀ lánàá, ó rọ̀ ní ìjẹta,
ó ń rọ̀ báyìí lára fèrèsé àjà kejì
níbi tí Ragnfrid jókòó sí ní aago méjì òru,
kọfí rẹ̀ ti tutù,
ó ń fi awò wo òpó kan
tí kò nípọn ju irun ìpéǹpéjú lọ.

Inú eku ni wọ́n ti yọ ọ́ láàárọ̀.
Eku ti kú.
Òpó kò tíì gbọ́.
Nínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́
ó fún, ó dẹ̀,
ó fún, ó dẹ̀,
ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀jẹ̀ ní ọkàn tó ń tì í kiri bí ọmọ olówó.
Omi-ara kò ní ẹnì kankan.
Ohun tó jò kúrò lára ẹ̀jẹ̀ ni,
tó sùn sáàárín ẹran àti awọ,
tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè padà
àfi òpó yìí,
tó ní ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í ṣí sẹ́yìn:
ègé kan á fún, á tì í sí ègé kejì,
títí tí aláìnílé á fi dé ilé.

Ta ló ń sọ ìgbà fún un?
Ọdún mọ́kànlá ni Ragnfrid ti ń bèèrè.
Kálísíọ́mù ló kọ́kọ́ ń yọ́ wọlé,
iṣan á sì fún.
Omi á sáré, á fara ra ògiri,
ògiri á tú èémí kan sílẹ̀,
èémí tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ju ìkọ́ lọ:
náítíríìkì ọ́ksáìdì.
Ọ̀rọ̀ kan péré ló mọ̀ ọ́n sọ. Ó tó. Dẹ̀.
Iṣan á dẹ̀. Omi tuntun á kún un.
Ògiri á dákẹ́,
inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kálísíọ́mù tún ti ń kanlẹ̀kùn.

Lóru yìí, ó kán oògùn sí i,
oògùn tó ń tú èémí yẹn sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró,
bíi ti àwọn ọmọ ogun ara nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá gbóná:
àwọn náà gbọ́ èdè ògiri,
ṣùgbọ́n igbe ni wọ́n fi ń sọ ọ́.
Dẹ̀! Dẹ̀! Dẹ̀!
Òpó là sílẹ̀ gbayawu.
Kò kú.
Wọ́n kàn ní kó sinmi, wọn ò sì jẹ́ kó sinmi tán.

Ní Askøy, ní òdìkejì afárá,
Torbjørg ìyá rẹ̀ gbé apá òsì lé ìrọ̀rí.
Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n gé kókó abíyá rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ.
Ayùn kékeré ni wọ́n fi gé òrùka ìka kan tó há mọ́ ọn;
súwẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun kò gba apá náà mọ́.
Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ èémí kankan.
"Ṣé á fà kó tó di ìgbéyàwó Ingeleiv?"
Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ rẹ̀ á fọwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́,
ọrùn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èjìká,
ọwọ́ ló máa ń kẹ́yìn:
ẹ la iwájú kí ẹ tó lé ará ẹ̀yìn.

Ó fi omi iyọ̀ tuntun ṣan àwo náà.
Ó dúró.
Òjò ń rọ̀. Ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù ń kùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ó ṣan án lẹ́ẹ̀kejì.
Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì,
nǹkan sún kì.
Bóyá ojú rẹ̀ ló rẹ̀.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Ẹ̀ẹ̀kan. Kò dán mọ́rán."
Kò mọ̀ pé ọwọ́ òun tó di ife mú
ti ń fún, ó ń dẹ̀,
láti ìgbà tí òpó náà ti dákẹ́.